Mo sanwó kí wọ́n fi ojú àlejò wo ṣọ́ọ̀bù ẹja wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ìyá mi ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ọjà Olúwo la sì ti ń ra ẹja tútù títí dòní: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àti edé nígbà tó bá wà. Látìgbà tí a ti ní sáìtì, a ń tà fún àwọn tó wà ní Ìkòròdú, Àjáh, Sùúrùlérè, títí dé Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ sáìtì yẹn ni mo fẹ́ sọ, àti ti ọmọbìnrin kan tí mo sanwó fún kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Òun kọ́ ló kọ́ sáìtì o. Àyẹ̀wò niṣẹ́ tiẹ̀. Ó máa ń wá àwọn tí kò dé ṣọ́ọ̀bù yín rí, á ní kí wọ́n ṣí i lórí fóònù wọn, kí wọ́n ra nǹkan, á sì máa wo ibi tí ọwọ́ wọn ti ń dúró. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà (₦60,000) ló gbà lọ́wọ́ mi. Owó náà kò dùn mí, màá sì tún san òmíràn. Mi ò kọ orúkọ rẹ̀ síbí torí pé òun nìkan ló ń dá a ṣe, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má tíì kó èrò wá bá òun. Àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń wọ sáìtì, wọn kì í rà. Wọ́n á wo ẹja tán, wọ́n á pè mí: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, eélòó lèyí tó wà nínú fọ́tò kejì?" Iye rẹ̀ sì wà lábẹ́ fọ́tò náà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè, mo lè ní kò fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tó di ìbéèrè ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oníbàárà mọ́.

Kí n tó mọ ọmọbìnrin yìí, mo ti kọ́kọ́ fi sáìtì náà ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí mo léèyàn sí lórí WhatsApp: ẹgbẹ́ tí a jọ jáde nílé ìwé girama, àsàlátù wa, ẹbí bàbá, ẹbí ìyá. Mo ní kí wọ́n bá mi wo ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àdúrà ni wọ́n rọ̀ lé mi lórí bí òjò. "Ó rẹwà gan-an, Àlàájà." "Ọlọ́run á bù sí i." "Ọjà á tà, àwìn ò ní pọ̀." Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti ra ẹja kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà: ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, àdúrà là ń ṣe fún un, a kì í wojú àgbàlagbà ká sọ pé ibi báyìí kò dáa. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sì wù mí kó parẹ́ láàárín wa. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ àléébù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò lè gbabẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá bi ará ilé yín pé "ṣé ó dáa?", "ó dáa" náà ni ẹ máa gbọ́.

Àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tún wà. Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní ọgbà Yaba Tech ti Ẹ̀pẹ́ ló fi PageSpeed Insights ti Google hàn mí. Ẹ ó fi àdírẹ́sì sáìtì yín síbẹ̀, á fún yín ní máàkì lórí 100, á sì sọ ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó ṣí. Ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Tiwa kọjá ìyẹn dáadáa, torí bí wọ́n ṣe fi fóònù ya fọ́tò ẹja náà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, wọn ò dín ìwúwo rẹ̀ kù rárá. Dátà oníbàárà ló sì ń jẹ. Microsoft Clarity náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń gba bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ sáìtì sílẹ̀, ẹ lè padà wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pẹ̀yìn dà. Kí ló ń lé wọn níbẹ̀? Irinṣẹ́ ò lè sọ ìyẹn fún mi. Ẹ lo méjèèjì kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ má rò pé wọ́n ti tó.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọmọbìnrin yìí ni pé kò fẹ́ èèyàn mi kankan. Mo ti ní kí àwọn ọmọ ilé wá bá a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. "Mà, àwọn yẹn ti mọ ibi tí ẹ gbé nǹkan sí, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ yín. Àwọn tí kò mọ̀ yín rí ni mo fẹ́." Èèyàn márùn-ún ló wá, inú owó tí mo san ló sì ti yọ owó ọkọ̀ fún wọn. Mo bi í pé ṣé márùn-ún tó. Ó ní ọmọ Denmark kan tó ń jẹ́ Jakob Nielsen ti ṣírò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2000, pé èèyàn márùn-ún á tú nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àléébù sáìtì síta. Ohun tí wọ́n ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ náà ni àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn á máa kọsẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà, ó sàn kéèyàn lo márùn-ún, kó tún sáìtì ṣe, kó wá márùn-ún mìíràn, ju kó kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo fojú rí bá a mu. Nígbà tó fi máa kan ẹni kẹrin, mo ti mọ ibi tó máa dúró sí kó tó débẹ̀.

Àwọn tó wá ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà Lẹ́kí, onídìrí kan, ọmọ yunifásítì kan, àti ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá ọmọbìnrin náà ni wọ́n ti ṣe é. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ka ìwé kan sí ẹnì kọ̀ọ̀kan létí ní Yorùbá, pé òun máa gba ohùn wọn àti ojú fóònù wọn sílẹ̀, pé wọ́n lè dìde lọ nígbàkígbà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ tàpá sí òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023. Lẹ́yìn náà ló fún wọn níṣẹ́: "Ẹ ní ìkómọ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ra àrọ̀ yíyan tó máa tó ọbẹ̀ àlejò méjìlá, kó dé ọ̀dọ̀ yín kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí." Kò ní kí wọ́n tẹ ibì kankan. Ó kàn ní kí wọ́n máa sọ ohun tó bá wà lọ́kàn wọn síta bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Èmi wà ní yàrá kejì, mò ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ dá sí i, ohun yòówù kí n rí.

Tíṣà ló kọ́kọ́ jókòó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó na fóònù jìnnà, ó tún fà á sún mọ́ra. "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Iye owó ẹja ni. Àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí funfun, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Èmi ti ń ka iye yẹn lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, torí mo ti mọ iye tí ẹja jẹ́ kí n tó wò ó. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò kárí ayé, WCAG lorúkọ rẹ̀, tó ní kí ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ lẹ́tà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, àyàfi tí lẹ́tà bá tóbi. Wọ́n wọn tiwa, kò tó 3. Bí mo ṣe mọ ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń pè mí lójoojúmọ́ lórí iye owó nìyẹn.

Bàbá náà rí àrọ̀ tó wù ú. Ó wo fọ́tò rẹ̀ títí. "Ẹja yìí, ṣé ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi ni, àbí ìka ọwọ́ mi?" Ọmọbìnrin náà dákẹ́, bó ṣe yẹ kó ṣe. "Wọ́n ní gíráàmù 500. Ẹja mélòó ló wà nínú gíráàmù 500?" Inú yàrá kejì ni mo ti ń dáhùn lábẹ́ ẹnu: mẹ́ta ni, bàbá, nígbà míì mẹ́rin. Ní Olúwo, ẹni tó fẹ́ ra ẹja yíyan á gbé e lọ́wọ́, á ṣẹ́ ìrù rẹ̀ wò bóyá ó gbẹ dénú, á gbóòórùn rẹ̀ bóyá igi tó dáa la fi yan án. Lórí sáìtì, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Tiwa ò ṣe é. Ẹja nìkan ló wà lórí aṣọ funfun, kò sí ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú lè fi wọ̀n ọ́n. Ní báyìí, a ti tún gbogbo fọ́tò yà nínú abọ́ tánńganran tó wà nílé gbogbo wa, a kọ iye ẹja tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, a sì fi fọ́tò ìrù tí a ṣẹ́ kún un kí wọ́n lè rí inú rẹ̀.

Obìnrin olóúnjẹ ni mi ò lè gbàgbé láéláé. Ó mọ ẹja, ó sì yára. Kò pẹ́ tó fi páálí méjì sínú apẹ̀rẹ̀, tó dé ibi àdírẹ́sì. Sáìtì ní kó kọ "ZIP code", ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ bíi ti Amẹ́ríkà. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èmi ò ní ìyẹn o." Ó kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ síbẹ̀, sáìtì kọ̀. Ó kọ òdo mẹ́fà, sáìtì gbà. NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, ní kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi júwe ilé fún ọlọ́kadà ní ìpínlẹ̀ Èkó? Ohun tí ọlọ́kadà nílò ni èyí tí obìnrin yìí ń wá ibi tó máa kọ ọ́ sí: ẹ̀gbẹ́ ilé epo, ilé kejì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, géètì aláwọ̀ ewé. Kò síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ó kọ ọ́ mọ́ orúkọ òpópónà, sáìtì ní ó ti gùn jù. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tòun ti òdo iwájú, sáìtì ní kò tọ̀nà, +234 ló fẹ́, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Gbogbo àkókò yìí, kò bínú. Ó ń rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. "Ẹ má bínú," ló ń wí fún ọmọbìnrin náà, "mi ò kàwé púpọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Obìnrin tó ń ṣírò owó oúnjẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí, tí sáìtì mi sọ di aláìmọ̀kan!

Nígbà tó dé ibi ìsanwó ni owó gbígbé ẹrù tó yọ jáde. "Háà! Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ látòkè?" Baymard, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Denmark tó ń wo bí aráyé ṣe ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún apẹ̀rẹ̀ tí èèyàn kó ọjà sí, nǹkan bí àádọ́rin ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láìsanwó. Tí a bá yọ àwọn tó kàn ń wòran kúrò, àfikún owó irú èyí ló ń lé èèyàn jù. Mo ti rí i lójú obìnrin yìí kí n tó ka ìyẹn.

Síbẹ̀, ó fara mọ́ ọn. Ó yan tránsífà. Nọ́ńbà àkáǹtì jáde, kò síbi tó lè tẹ̀ kó fi dà á kọ. Ló bá yọ bírò nínú báàgì, ó kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ó ṣí áàpù báǹkì. Nígbà tó padà sórí sáìtì kó lè tẹ̀ ẹ́ pé òun ti sanwó, ojú ewé ti tún ara rẹ̀ ṣí látìbẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Ó wo fóònù, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tó bá ṣe pé mo ti fi owó gidi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Ṣé ẹ rí i, fóònù tí ààyè inú rẹ̀ kéré máa ń pa ojú ewé tí a fi sílẹ̀ kó lè ráyè ṣí áàpù mìíràn. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi. Ọmọkùnrin tó kọ́ sáìtì ń lo fóònù olówó ńlá, kò lè ṣẹlẹ̀ sí i láéláé. PageSpeed ò rí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi lórí WhatsApp ò rí i. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lórí sáìtì, ojú àlejò nìkan ló ríran, onílé ni kò rí nǹkan kan.

Àwọn mẹ́ta yòókù fi kún un díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ ojú omi ń tẹ àmì àròpọ̀, àmì àyọkúrò ló ń gbà, torí àwọn méjèèjì fún mọ́ra wọn jù fún àtàǹpàkò ọkùnrin. Onídìrí kò mọ̀ pé a ń ta edé, torí abẹ́ ìlà mẹ́ta tó wà lókè la fi pamọ́ sí, kò sì ka ìlà yẹn sí nǹkan téèyàn ń tẹ̀. Ọmọ yunifásítì parí gbogbo rẹ̀ wàràwàrà, ó ní kò síbi tó burú. Tó bá ṣe pé ọmọ ilé ìwé nìkan ni wọ́n kó wá, ìròyìn ayọ̀ ni ǹ bá gbé relé.

Iṣẹ́ tó kọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Àléébù kọ̀ọ̀kan ní ìpele láti 0 dé 4. 4 ni èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, apẹ̀rẹ̀ tó ń ṣófo sì ni àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gé fídíò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún lo ìbéèrè mẹ́wàá tí John Brooke gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986, tí wọ́n ń pè ní SUS, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe rọrùn láti lò sí, ó sì tú u sí Yorùbá fún àwọn tó wá. Nínú máàkì 100 rẹ̀, 68 ni wọ́n kà sí àárín méjì. Tiwa wà nísàlẹ̀ ìyẹn.

Fídíò yẹn nìkan tó owó tí mo san. Nígbà tí mo fi ẹnu sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó kọ́ sáìtì, ó ní àwọn oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n lò. Mo fi obìnrin olóúnjẹ hàn án, níbi tó ti ń tọrọ àforíjì. Kò janpata mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ZIP code ti lọ, àyè ti wà fún àmì ilé, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo ń wọlé, owó gbígbé ẹrù ti wà lábẹ́ ẹja kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àdúgbò, apẹ̀rẹ̀ sì ń dúró bí èèyàn tilẹ̀ pa fóònù kó tún un tàn. Àwọn tó ń pè mí lórí iye owó ti dín kù gan-an. Àwọn tó ń pè báyìí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja ọ̀la ti wà lórí ààrò ni.

Àwọn ibi tí mi ò fara mọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ náà wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé náà, ó sì nípọn. Ẹni tó bá ń jókòó ti iná ẹja kò ráyè ka ewé tó pọ̀ tó yẹn. Mo ní kó fi Yorùbá sọ ọ́ sínú ohùn WhatsApp, ó ṣe é, ìyẹn ló sì wúlò fún mi jù. Ó yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Ó tún ní ká yọ fọ́tò ààrò àti èéfín kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, pé ó ṣókùnkùn. Mo kọ̀. Nínú àwọn márùn-ún, kò sẹ́ni tó ráhùn nípa rẹ̀. Ojú tiẹ̀ ló fi sọ ìyẹn, mi ò sì sanwó fún ojú tiẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni pé Wi-Fi ilé ìyá rẹ̀ ni gbogbo wọn lò. Oníbàárà mi ń ra ẹja látinú mọ́tò ní Ìtòkín, nẹ́tíwọọ̀kì á wá, á tún lọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, kò sì gbó mi lẹ́nu. A ti fi ìpele kejì sí ẹ̀yìn Iléyá: èèyàn márùn-ún mìíràn, mẹ́ta nínú wọn á ti ju ọmọ àádọ́ta ọdún lọ, inú ọjà Olúwo gan-an ni wọ́n á jókòó sí, lórí dátà tiwọn tí èmi máa rà. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà (₦45,000) ló ní òun máa gbà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá irú rẹ̀ lágbègbè yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó sanwó: àwọn wo ló máa kó wá, fóònù ta ni wọ́n máa lò, ṣé ó máa fún yín ní fídíò. Tó bá ní òun nìkan ló máa wò ó, tí òun á sì kọ èrò òun sílẹ̀, ẹ dín owó rẹ̀ kù.